Ṣé káàdì Ìgbín ni kò lágbára, àbí gbólóhùn tó wà lórí rẹ̀? Àkíyèsí láti Pobè àti Sakété

Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí káàdì kan tí gbogbo ènìyàn fi sílẹ̀ ní Pobè ṣe di ohun tí wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Sakété, àti bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀ka-èdè ìlú méjèèjì. Ìgbín ni orúkọ káàdì náà.

Ọdún 1993 ni Richard Garfield gbé eré káàdì Magic: The Gathering jáde ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà ta á, tí wọ́n ń pè ní draft. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á tú ìdì káàdì kan, á mú ẹyọ kan, á fi ìyókù lé ẹni tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Báyìí ni wọn yóò ṣe é títí ìdì mẹ́ta yóò fi tán, kí oníkálùkù tó fi ohun tó ṣà jọ jà. Káàdì tí kò wúlò kì í fara pamọ́ nínú irú eré bẹ́ẹ̀, torí òun ló máa ń kù sí ìsàlẹ̀ ìdì. Páálí ni èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gé láti fi ṣe tiwa. Àwọn ẹranko inú àlọ́ ni a kọ sí i, owó ẹyọ ni a fi ń rà wọ́n wọlé, káàdì 10 ni a sì fi di ìdì kan, torí pé páálí kò tó.

Àwọn tó ń ta Magic ní òdiwọ̀n kan: béárì tí wọ́n ń pè ní Grizzly Bears, tó ti wà láti 1993. Owó rẹ̀ jẹ́ 2, agbára 2, ìfaradà 2, kò sì sí ọ̀rọ̀ òfin kankan lábẹ́ rẹ̀. Òkété ni mo fi sí ipò yẹn nínú tiwa. Ìgbín náà, owó ẹyọ 2 ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ jẹ́ 1, ìfaradà rẹ̀ 3. Bí Òkété bá kọlù wá tí Ìgbín sì dínà fún un, kò sí èyí tó máa kú nínú àwọn méjèèjì. Aṣọ́nà ni Ìgbín. Kì í ṣe jagunjagun. Wàhálà wà nínú ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀:

Bí Ìgbín bá dínà fún ẹranko kan, kò ní lè kọlu ẹnikẹ́ni ní ìyípo tó kàn.

Ta ni kò ní lè kọlu ẹnikẹ́ni? Ẹranko tó wá jà ni mo ní lọ́kàn, pé omi ara ìgbín ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní Pobè, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló jókòó, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, ẹ ní ká fowó ra ẹranko, ẹ tún wá so ó mọ́lẹ̀.” Nígbà tí a dé Sakété, àwọn mẹ́fà mìíràn kò jẹ́ kí Ìgbín pẹ́ nílẹ̀ rárá.

Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ẹ̀ka-èdè ló fà á: ẹ̀ka Ìjè lọ́hùn-ún, Nàgó níbí. Irú àbájáde bẹ́ẹ̀ máa ń wù wá. Àfìgbà tí mo tún ìwé náà yẹ̀ wò ni mo rí i pé ní Sakété, kí a tó tú ìdì, mo ti fi omi ara ìgbín dá wọn lẹ́rìn-ín. Ní Pobè, òjò ń ṣú, mo kàn pín káàdì ni. Mo padà sí Pobè, mo sọ ọ̀rọ̀ omi ìgbín fún àwọn mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mú Ìgbín bí àwọn ará Sakété ṣe mú un. Èmi ni mo fa ìyàtọ̀ náà.

Gírámà ló fún mi láyè láti fà á. “Ó lọ” ni a ń wí, ṣùgbọ́n bí a bá yí i sódì, “Kò lọ” ni. Arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ kì í hàn níwájú “kò”. Ti ọ̀pọ̀ máa ń hàn: “Wọ́n lọ”, “Wọn kò lọ”. Nítorí náà, ààyè òfìfo wà níbi tó yẹ kí olùwà wà lórí káàdì mi, òǹkàwé ni yóò sì wá ẹni tó máa fi dí i. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan ṣáájú, olùwà awẹ́-gbólóhùn àkọ́kọ́ ni yóò mú, ìyẹn Ìgbín. Bí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi, ẹranko kejì ni yóò mú. Bí mo bá kọ ọ́ pé “àwọn ẹranko”, “wọn kò” ì bá ti yanjú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dábàá “òun”. N kò rò pé ó lè gbà wá. Nínú “Adé ní òun kò lọ”, Adé fúnra rẹ̀ ni, torí pé ẹni kan ń sọ̀rọ̀ tí òun lè tọ́ka sí. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí káàdì. Ìtẹnumọ́ lásán ni “òun” máa ṣe níbẹ̀, pọ́n-na náà á sì wà bó ṣe wà.

(Àkọtọ́ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Álífábẹ́ẹ̀tì tí Benin gbé kalẹ̀ ní 1975 ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp, tí Ìjàpá fi di Ìjàkpá, tí Àṣá fi di Àshá. Mo kọ orúkọ méjèèjì sórí káàdì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó kọsẹ̀.)

Ṣé Ìgbín lágbára, àbí kò lágbára? Bí àwọn ará Pobè ṣe kà á, ìjìyà náà kò tó nǹkan, torí ta ló ń fi agbára 1 jáde ogun? Etí ni wọ́n fi wọn káàdì náà, wọn kò fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n. Bí a bá sì kà á bí mo ṣe ní i lọ́kàn, owó ẹyọ 2 péré ló ń so Ẹkùn tí wọ́n fi 6 rà mọ́lẹ̀ fún odidi ìyípo kan, bí Ìgbín tilẹ̀ kú. Òkété ní tirẹ̀ kò lè pa á, ìyípo méjì-méjì ni yóò sì máa kọlù wá. Ìyẹn ti pọ̀ jù. Eré kan fà gùn ní Sakété títí ilẹ̀ fi ṣú nítorí èyí.

Mo dín ìfaradà Ìgbín kù sí 2, kí Òkété lè pa á, mo sì tún gbólóhùn náà kọ: “Bí Ìgbín bá dínà fún ẹranko kan, ẹranko náà kò ní lè kọlu ẹnikẹ́ni ní ìyípo tó kàn.” Ọ̀rọ̀ méjì ló lé, mo sì ní láti kọ ọ́ wẹ́wẹ́ kó lè gba orí páálí. Àárín ìdì ló ń bọ́ sí báyìí. Àwọn kan ṣì ń pè é ní ọ̀lẹ, n kò sì bá wọn jiyàn: bí gbogbo káàdì inú ìdì bá dọ́gba, kí ni èèyàn ń ṣà?

Ìjàpá ló kù. Ohun tó wà lábẹ́ tirẹ̀ ni “Bí Ìjàpá bá pa ẹranko kan, mú káàdì rẹ̀ padà sọ́wọ́,” àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń bi mí pé káàdì ta ni “rẹ̀” yẹn.