Ọ̀rọ̀ Olórí níwájú Àwọn Aṣòfin: Àṣà tí Ó Yẹ kí A Tún Yẹ̀ Wò

Bí ìríjú bá dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, ìbéèrè méjì ni yóò dáhùn: kí ni ó fi owó àná ṣe, kí ni yóò sì fi ti ọ̀la ṣe? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ààrẹ tàbí gómìnà ń sọ nígbà tí ó bá gbé ètò ìnáwó wá síwájú àwọn aṣòfin. Ṣùgbọ́n ti ọ̀la ni a sábà máa ń gbọ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 81 pàṣẹ pé kí ààrẹ mú kí a gbé ìṣirò owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde ní ọdún tí ń bọ̀ síwájú ilé aṣòfin méjèèjì. Abala 121 sì gbé irú ẹrù kan náà lé gómìnà lórí. Dandan ni èyí. Ṣùgbọ́n ní ti pé kí olórí fúnra rẹ̀ wá sọ̀rọ̀, abala 67 àti 108 fún un láyè ni, wọn kò pa á láṣẹ. Ìwé ìṣirò ni òfin béèrè. Ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ àṣà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan kò lọ fúnra rẹ̀. Mínísítà ìnáwó, Ngozi Okonjo-Iweala, ni ó gbé ètò ìnáwó 2014 lọ, òfin kò sì bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, George Washington fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ ní 1790. Thomas Jefferson pa àṣà náà tì ní 1801, ó ń fi ìwé ránṣẹ́. Woodrow Wilson ni ó jí i dìde ní 1913. Ǹjẹ́ ta ni yóò wí pé àṣà yìí kò ṣe é tún ṣe?

Èmi kò wí pé kí a pa á run. Ohun rere ni kí alágbára fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá dúró níwájú àwọn tí ìlú yàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n.

Ẹ wo Festac Town, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti 1977. Gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ní aṣojú kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ó sì ní méjì nínú ogójì aṣòfin tí ń jókòó ní Aláùsá. Àwọn wọ̀nyí ni etí wa. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ tán tí wọn kò béèrè ibi tí iṣẹ́ ọ̀nà àti gọ́tà tí a ṣèlérí dé, etí wa ti di nìyẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dá lábàá. Èkínní, kí àkọsílẹ̀ ohun tí a ṣe àti ohun tí a kò ṣe ní ọdún tí ó kọjá dé ọwọ́ àwọn aṣòfin ṣáájú ọjọ́ ọ̀rọ̀. Èkejì, kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta, kí a sọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Abala 97 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé náà bá fọwọ́ sí i.

Nínú ìjọ, bí akápò bá dìde, a kì í yìn ín fún ohùn dídùn kí ó tó ka iye owó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ béèrè ìṣirò náà lọ́wọ́ aṣojú yín, kí ẹ sì kà á fún aládùúgbò yín tí kò lè kà. Ohun tí a kò gbà nínú ilé Ọlọ́run, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbà á fún ìlú.