Àrùn Dìgbòlugi: Ẹ Má Ṣe Dúró De Àmì Rẹ̀

Nínú àwọn àrùn tí èèyàn ń kó lára ẹranko, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tó yè é bí àmì dìgbòlugi bá ti fara hàn: ibà, kí ojú ọgbẹ́ máa ta ènìyàn, ìdààmú ọkàn, kí omi mímu máa dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n àkókò máa ń wà láàárín ìgbà tí ajá bu èèyàn jẹ àti ìgbà tí àmì yóò yọ. Ẹni tó bá lo àkókò yìí dáadáa kò ní kú.

Inú itọ́ ẹran tó ní àrùn náà ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á wà. Lágbàáyé, ajá ni ó ń kó o ran nǹkan bí 99 nínú 100 ènìyàn. Bí kòkòrò náà bá ti gba ojú ọgbẹ́ wọlé, inú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ni ó ń gbà lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ìrìn yìí sábà máa ń gba oṣù 2 sí 3, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọgbẹ́ orí àti ojú ni ó léwu jù, ibẹ̀ gan-an ni ajá sì máa ń bu ọmọdé jẹ. Ọmọ tí ẹ̀rù ìbáwí ń bà lè má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, nítorí ó pẹ́ ju bí ènìyàn ti ń rò lọ. Ẹ má fi epo pupa, ata tàbí irun ajá jíjó sí i. Àwọn kan a máa jẹ ẹ̀dọ̀ ajá tó bù wọ́n jẹ. Kò wo nǹkan kan, ẹni tó pa ajá náà tó sì kun ún pàápàá lè kó àrùn ọ̀hún.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ì báà jẹ́ èékánná lásán ni ajá fi ha ènìyàn lára. Ọ̀kan nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2018 ni abẹ́rẹ́ 4: ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 7 lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Apá ni à ń gún un sí, itan fún ọmọ kékeré. Abẹ́rẹ́ inú ikùn tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù ti di ohun àtijọ́. Aláboyún lè gbà á. Bí eyín bá ti dá awọ ara lu, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ fi imunoglobulin sínú ojú ọgbẹ́ àti àyíká rẹ̀, ẹ má sì yára rán an.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò fi ìbínú lu ajá náà pa. Bí ó bá ṣeé so mọ́lẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le títí di ìgbà náà, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Bí ó bá sá lọ, ẹ gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé. Bí ó bá sì kú, ẹ fi tó dókítà ẹran létí kí ẹ tó sin ín, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò.