Kọ̀ǹpútà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ

Ní ẹ̀bá Manigri, ẹgbẹ́ obìnrin kan tí ń ṣe oko kajú fẹ́ pe ara wọn sí iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Yorùbá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkéde pé: « Kí olúkúlùkù mú ọkọ́ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. » Gbogbo àmì ohùn ló wà níbẹ̀.

A gbé ìwé náà lọ sí Bassila kí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó jáde ni: « Ki olukuluku mu oko re wa ni ojo Abameta. » Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn kan gbé ọkọ́ wá. Àwọn mìíràn mú ọkọ wọn wá.

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi akọ̀wé. Ó sọ fún mi pé: « Olùkọ́, ẹ má bínú, ó dà bí ẹni pé n kò tíì mọ ìwé kọ. »

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹ̀rọ ni.

Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tí ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ń gba ohun tí a tẹ̀, òun ni ń fi í hàn, òun náà ni ń tọ́jú rẹ̀. Windows ni orúkọ èyí tí ó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Android ni ó wọ́pọ̀ lórí tẹlifóònù. Àwọn tí ó ṣe irú ètò báyìí kọ́kọ́ ro ti èdè ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ro ti àwọn èdè yòókù.

Ẹ wo bọ́tìnnì AZERTY tí a ń lò ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nítorí èdè Faransé, é ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni è, à, ù àti ç. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò ní bọ́tìnnì kankan. Lórí AZERTY ti Windows tí ó wọ́pọ̀, a kò lè fi ohùn òkè sórí a, i, o tàbí u, nítorí pé èdè Faransé kò nílò rẹ̀. Bí a bá sì kọ Yorùbá pẹ̀lú ɛ àti ɔ, ìṣòro kan náà ni. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ Anii ní Bassila náà mọ ìyà yìí.

Ìṣòro kejì wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Láti ọdún 1991 ni ètò kan tí a ń pè ní Unicode ti ń fún àwọn lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà. A jẹ́ 65. é jẹ́ 233. Lẹ́tà wa ẹ náà ní tirẹ̀: 7865. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti so nọ́ńbà méjì pọ̀: 7865 fún ẹ, àti 769 fún ohùn òkè. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é, kí ó sì fi àmì sísàlẹ̀ kún un. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, a lè wá orúkọ ènìyàn nínú àkọsílẹ̀ kí a má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni ìlà pupa. Bí a bá fi ètò ìkọ̀wé sí èdè Faransé, yóò máa fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé yóò rò pé òun ṣì í kọ. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má gba ìlà yẹn gbọ́. Kò sọ pé ẹ ṣìṣe. Ó kàn ń sọ pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èdè yín.

Kí ni ṣíṣe? Lórí tẹlifóònù Android, ètò ìkọ̀wé Google tí à ń pè ní Gboard ní èdè Yorùbá nínú. Ẹ ní kí ọmọ yín tàbí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò bá yín yàn án. Bí ẹ bá ń gbé ìwé lọ fún atẹ̀wé, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: « Ṣé ẹ lè tẹ ẹ àti ọ pẹ̀lú ohùn? » Bí ìwé bá jáde, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó pín in. Bí àmì bá sọnù, ẹ fi kálámù dá a padà.

Akọ̀wé wa ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba àwọn ìkéde tí ó kù, ó jókòó, ó sì fi kálámù aláwọ̀ búlúù fi àmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ́ nìkan ni ó dé oko.