Ẹ Má Fi Ọkà Gbígbẹ Bo Ọkà Tútù

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ mi gùn kí n tó jẹ́wọ́. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti ta oògùn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, mo sì sọ fún un pé yóò wò ó sàn, nígbà tí n kò mọ ohun tó ń ṣe é, tí n kò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò tí mo gbé fún un.

Ògòtún Èkìtì ni ilé wa. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ Ògòtún yóò ti gbọ́ nípa ẹní Ògòtún, nítorí iṣẹ́ ẹní híhun ni àwọn obìnrin ìlú wa fi gba orúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn láti kékeré. Òun a máa hun ún, èmi a sì máa kó o lọ tà ní Adó-Èkìtì àti ní Àkúrẹ́. Kò yé mi pé ìyà ń bẹ nínú iṣẹ́ náà títí ara ríro fi dé bá a.

Kì í ṣe ojú kan ni ó ń ro ó. Ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, ìbàdí, itan, títí dé ìka ọwọ́ tó fi ń hun ẹní. Bí ó bá sùn mọ́jú, bí ẹni tí kò fojú kan oorun ni ó máa ń jí. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá sáré wá dì mọ́ ọn, yóò kígbe bí ẹni tí a gún ní abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́ yóò bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará, “kò sí nǹkan kan” yìí ló da ilé rú. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó kírun, mo gbọ́ tí àwọn kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù ń sọ pé ẹsẹ̀ tó gbé e lọ sí ọjà kò ha lè gbé e dúró níwájú Ọlọ́run? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ rántí Imran ọmọ Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú. Nígbà tó béèrè lọ́wọ́ Ojiṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, ó fún un láyè pé kí ó kírun ní ìdúró. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ta ni àwa tí a ó máa wọn ìrora ọmọnìkejì wa?

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wọ̀nyẹn sàn jù mí lọ, nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n sọ. Èmi gba owó. Ní àkókò náà ni ọ̀rẹ́ kan mú mi wọ òwò oògùn amáralókun, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní súpílímẹ́ǹtì. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní bí mo bá mú ènìyàn wá, tí ẹni náà tún mú ẹlòmíràn wá, owó yóò máa wọlé fún mi lójú oorun. Wọ́n fún wa ní ìwé kan tó to àìsàn jọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí oògùn náà kì í wò. Mo ka ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo tilẹ̀ fi orúkọ oyin àti habatu saoda ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, bí ẹni pé ohun tí Ànábì yìn ni ó wà nínú ìgò tí mo gbé dání.

Owó ẹní mẹ́ta ni ìgò kan ń gbà. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ẹ̀gbọ́n mi yóò fi ọwọ́ tó ń ro ó hun ẹní, èmi yóò gbé ẹní náà lọ tà, n ó kó owó rẹ̀ dé, n ó sì gba owó náà padà fún oògùn ọwọ́ ríro. Oṣù méje ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní, “Àbúrò mi, ara mi kò tíì fúyẹ́ o,” n ó dá a lóhùn pé oògùn náà ṣì ń fọ ìdọ̀tí jáde ni, kí ẹ fi ìgò kan sí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Lèmọ́mù wa wàásù lórí òwò. Ó sọ ìtàn tí púpọ̀ nínú yín mọ̀: bí Ojiṣẹ́ Ọlọ́run ṣe dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kan tó kó ọkà jọ, tó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan omi nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí, ó sì ń gbọ́. N kò lè gbé ojú sókè mọ́ títí a fi kírun tán.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Adó-Èkìtì. Dókítà náà kò yára. Ó béèrè bí oorun rẹ̀ ti rí, ó béèrè ibi tó ń ro ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ àìsàn náà fún wa: fibromyalgia. Ó ní kì í ṣe egungun ló jẹrà, kì í sì í ṣe ẹran ara ló ya. Ọ̀nà tí ara ń gbà ránṣẹ́ ìrora sí ọpọlọ ló ń pariwo ju bó ti yẹ lọ, bí olóde tó ń lu agogo ìdágìrì nítorí pé ewé kan já bọ́. Fún ìdí èyí, fọ́tò kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ìrora náà kì í ṣe irọ́, kì í sì í pa ènìyàn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lè wà lára méjì títí dé mẹ́rin, obìnrin ni a sì ń rí i lára wọn jù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1904 ni William Gowers, dókítà kan ní Ìlú Ọba, ti dá orúkọ fibrositis fún irú ìrora bẹ́ẹ̀; ní 1990 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oríkèé ní Amẹ́ríkà fi ìlànà lélẹ̀ láti máa dá a mọ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo kó ìgò mi jáde, mo sì bi í léèrè. Kò bú mi. Ó ní oògùn amáralókun dà bí omi tí a ń rọ sínú àmù. Bí àmù bá gbẹ, omi náà wúlò. Bí ó bá ti kún, ilẹ̀ ni omi yóò ṣàn sí, ó sì lè ba ilé jẹ́. Ẹni tí fítámì D kò tó lára rẹ̀, egungun àti ẹran ara rẹ̀ lè máa ro ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e mì ní àmujù lè ba kíndìnrín ara rẹ̀ jẹ́. Magnesium tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ fún àìsàn yìí kéré, ẹnu kò sì kò lórí rẹ̀. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé, ewu ni. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ inú ọjà wa ní magnesium nínú, wọn kì í sì í gba owó ẹní mẹ́ta.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò, wọ́n sì rí i pé fítámì D kò tó lára rẹ̀, nítorí inú ilé ni ó ń hun ẹní láti òwúrọ̀ di alẹ́. Dókítà kọ ìwọ̀n tí yóò lò fún un àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ sí i. Fibromyalgia kò lọ. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni èyí tí a kò fi owó rà: lẹ́yìn ìrun Súbúhì, a máa rìn láti ilé títí dé ẹ̀yìn ìlú, díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń gùn sí i. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oríkèé ní Yúróòpù yẹ oríṣiríṣi ìtọ́jú àìsàn yìí wò. Nínú gbogbo rẹ̀, eré ìdárayá nìkan ni wọ́n fi gbogbo ẹnu dámọ̀ràn. Ó tún pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́: bí ó bá hun ẹní fún ìgbà díẹ̀, a dìde, a na ara. Ẹní kan tó ń parí kíákíá tẹ́lẹ̀ ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ó ń parí.

Mo kó owó ìgò oṣù méje padà fún un. Mo rò pé yóò ní kí n máa mú un lọ. Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ku owó ìgò kan. Mo san án.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́. Òfin 1993 ni ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ lára ìgò ń sọ fún wa pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo gbogbo àìsàn tí olùtà kà sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ìgò àgbo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé NAFDAC kò yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ wà lára ìgò tèmi. N kò kà á rí. Èyí tó tún burú jù ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́gán. Ní 2022, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa amáralókun oríkèé kan tó ń jẹ́ Artri King, nítorí pé wọ́n rí dexamethasone àti diclofenac nínú rẹ̀, tí a kò kọ sára ìgò. Oògùn líle ni méjèèjì. Ẹni tó ń lò wọ́n láìmọ̀ yóò máa yin ìgò náà nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́ lọ, bí ó bá sì já dexamethasone lójijì lẹ́yìn tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó lè dá a wó. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà kí ẹ tó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin tí ara ń ro, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó ra ìgò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ sọ pé amáralókun ni, ẹ má pè é ní ìwòsàn. Ẹ̀yin ìjọ, bí ẹnì kan bá jókòó kírun ní ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ sún díẹ̀ kí ó ráyè na ẹsẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́.

Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú fún àwọn aláìsàn wa ní ìlera, kí ó sì fi òdodo sí àárín òwò wa. Àmín.