Páàtì Rẹ̀ Dà? Ohun Tí Ọlọ́kadà Ọ̀fà Ń Bi Máṣíìnì Tuntun

Bí iléeṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù bá gbé irú tuntun jáde, àwòrán rẹ̀ a máa dán gbinrin bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára ju ti àná lọ, iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòò, kì í sì í mu epo. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Ọ̀fà, tí wọ́n gbé e dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kọ́ ni àwọn ọlọ́kadà tó yí i ká ń wò. Ọ̀kan á fi ọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹlòmíràn á fi ìka gbé ṣéènì rẹ̀ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí wọn kì í gbàgbé: páàtì rẹ̀ dà? Ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè lè sọ pé agídí ni, pé ọlọ́kadà kò fẹ́ ohun tuntun. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà mọ ohun tí ẹni tó ya máṣíìnì náà sórí pépà kò lè mọ̀, ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ kì í parí iṣẹ́ máṣíìnì ní ilé tí wọ́n ti tò ó. Ọwọ́ mẹkáníìkì ni ó ti ń parí, àti lórí pákó ẹni tó ń ta páàtì.

Ẹ jẹ́ ká fi Boxer ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ojú ń rí jù. Bajaj, iléeṣẹ́ ará Íńdíà tó fi ìlú Pune ṣe ibùjókòó, ni ó ń ṣe é, Nàìjíríà sì ti jẹ́ ọjà tó tóbi jù fún un lẹ́yìn odi Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe Boxer kan ṣoṣo ló wà. Bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà wọn ń sọ: ti 100 wà, ti 150 wà, ti 125 wà, wọ́n tún gbé èyí tí wọ́n fi lẹ́tà X sí orúkọ rẹ̀ jáde, tí táyà rẹ̀ ní eyín gàgàrà fún ọ̀nà ẹrẹ̀. TVS, ará Íńdíà kan náà, gbé HLX tirẹ̀ wá láti bá a du ọjà. Ẹni tó bá wo gbogbo wọn dáadáa á rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n: sìlíńdà kan, ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn lásán ń tù lára, ìjókòó gígùn, kíìkì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ohun tuntun tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Àwọn kan ń fi èyí bú iléeṣẹ́ pé ọgbọ́n wọn ti tán. Èmi rò pé ó yé wọn ni. Ìwọ̀nba tí tuntun bá fi jọ ti àtijọ́ ni ìwọ̀nba tí páàtì ti àtijọ́ yóò fi wọ̀ ọ́, ìwọ̀nba yẹn náà sì ni ìgboyà ẹni tó fẹ́ rà á.

Ìtàn alùpùpù lọ́dọ̀ọ́ wa fi èyí hàn kedere. Kí Boxer tó dé, Suzuki àti Yamaha tó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ló gba ìgboro, àwọn tó ń tú èéfín funfun lẹ́yìn bí ààrò ẹlẹ́ja. Honda C70 wà fún olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, CG125 sì tẹ̀ lé e. CG yìí ni ó yẹ ká dúró lé díẹ̀. Ní 1976 ni Honda gbé e jáde, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ wọn ti rìn káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tí máṣíìnì ti ń ru ẹrù tí ó sì ń ru ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu: àwọn ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹrù tí wọ́n ń dì lé e kọjá ohun tí ìwé sọ, eruku sì ń jẹ ṣéènì. Ẹ́ńjìnì CB125 tó wà nílẹ̀ nígbà náà ní ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ nínú tó ń yí irin tó ń ṣí fáàlù lókè orí, bí ọ́ìlì bá sì ti dọ̀tí, òkè yẹn ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Honda padà sẹ́yìn. Wọ́n gbé irin náà wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá gbọọrọ méjì tì í dé ọ̀dọ̀ fáàlù, ọgbọ́n àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń pa tì. Wọ́n bo ṣéènì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí eruku má bàa rí i. Máṣíìnì tuntun ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó kọjú sí, àwọn ará Ṣáínà sì ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Títí di òní, mẹkáníìkì tó bá mọ inú CG mọ inú ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí kò tíì rí rí.

Irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ ló padà wá na Honda fúnra rẹ̀ ní pàṣán. Jincheng dé, ó jọ Suzuki AX100 bí ìbejì, Qlink dé, àwọn mìíràn tí orúkọ wọn kò pẹ́ lẹ́nu náà dé, owó wọn sì rọjú. Iléeṣẹ́ Honda tó wà ní Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1979, rí i pé orúkọ nìkan kò tó ta ọjà mọ́. Ní 2011, wọ́n gbé Ace CB125 jáde fún Nàìjíríà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ páàtì rẹ̀ láti Ṣáínà kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn tó ń fi ọlọ́kadà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ojúlówó yẹ kí wọ́n rántí èyí: iléeṣẹ́ alùpùpù tó tóbi jù lágbàáyé ni ó yí ọwọ́ padà nítorí ohun tí àwọn ẹni tí wọ́n ń pè ní púrúǹtù rà tàbí kò rà.

Kí ni ó wá wà nínú páàtì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ọjọ́ tí Boxer tuntun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó gbé èrò kankan, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Wẹ́dà á jó irin mọ́ ọn níwájú kí ó má bàa fi ẹ́ńjìnì lulẹ̀, á jó òmíràn mọ́ káríà ẹ̀yìn kí ó lè gba àpò ẹ̀lùbọ́ méjì. Ọ̀rá tó bo ìjókòó láti iléeṣẹ́ kò ní í kúrò, nítorí ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú yóò wò ó. Rọ́bà tíúbù àlòkù tí wọ́n gé gbọọrọ á wà lára káríà, òun ni wọn yóò máa fi di ẹrù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni máṣíìnì náà ti kúrò ní bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Bí ó bá ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì lọ sí Pólì lójúmọ́, tí ó ń ru iṣu ọjà Ọ̀wọ̀dé, tí ó sì ń gba ọ̀nà oko Ẹ̀rìn-Ilé lọ tí ó ń bọ̀, ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì yóò jẹ, kéébù kọ́lọ́ọ̀ṣì yóò já, béárìn yóò máa ké. Kò sí èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ sí máṣíìnì kankan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti Boxer, ọmọ kékeré ni wọn yóò rán lọ ra kéébù, kí gààrí inú omi tó rọ̀, máṣíìnì ti padà sójú títì. Ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹnì kan ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, bí kò bá rí i níbẹ̀, ó di Ìbàdàn tàbí Èkó. Ọjọ́ mẹ́ta tí máṣíìnì fi dúró kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún ẹni tó gbà á ní háyápọ́ṣéèsì. Owó ọ̀sẹ̀ kì í dúró de kéébù.

Owó yìí gan-an ti wá yí gbogbo ìṣirò padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ di 617 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó sì ti wà ní àyíká ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ìparí 2024. Dọ́là tí ìjọba ń ta ní nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá 1,500 láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo irin tó wà lára máṣíìnì, dọ́là ni wọ́n fi kó o wọlé. Boxer tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù ní 2020 ti kọjá mílíọ̀nù kan. Nígbà tí nǹkan bá gbówó lórí tó báyìí, kì í ṣe ohun ìrìnnà nìkan mọ́. Àjọ ni, àpótí ìfowópamọ́ ni. Bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dé, ẹni tó ní Boxer lè rí oníbàárà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ní èyí tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀dínwó ni yóò máa gbọ́ títí yóò fi tà á bí ẹni ń ta irin àlòkù.

Wọ́n lè sọ fún mi pé, bí gbogbo ènìyàn bá ń dúró de páàtì kí wọ́n tó ra tuntun, tí oníṣòwò náà sì ń dúró kí àwọn ènìyàn rà á kí ó tó kó páàtì rẹ̀ wá, nígbà wo ni ohunkóhun yóò wọlé? Ìbéèrè tó mú ọgbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n Boxer fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àjèjì rí, nígbà tí Suzuki ṣì jẹ́ onílé. Epo ló bá a ṣílẹ̀kùn: kò mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, lítà kan rẹ̀ sì jìnnà ju lítà Suzuki lọ, gbogbo ojú ló rí i. Àwọn tó ń kó o wọlé kò sì kó máṣíìnì nìkan, wọ́n kó páàtì tẹ̀ lé e. Tuntun lè wọlé nígbà náà, bí èrè rẹ̀ bá hàn lójú ọjọ́ tí ẹni tó ń tà á sì gbà láti kọ́kọ́ ru ewu. Ohun tí ọlọ́kadà kọ̀ ni pé kí òun nìkan máa ru ewu náà.

Níbi búréèkì nìkan ni mo ti gbà pé àríwísí tó ń bá àwọn ọlọ́kadà kò ṣàìtọ́. Láti oṣù Kẹrin 2019 ni òfin Íńdíà ti pàṣẹ pé alùpùpù tuntun tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ju 125 lọ gbọ́dọ̀ ní búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà dì mọ́lẹ̀ kó sì máa yọ̀, èyí tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní irú tó ń mú táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn papọ̀. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ọ wa. Búréèkì ṣúù, tó ń tì láti inú họ́ọ̀bù, ni ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ Boxer tí wọ́n ń tà níbí, níwájú àti lẹ́yìn. Bí a bá sọ̀rọ̀ búréèkì díìsìkì tó sàn jù ú lọ, ọlọ́kadà á ní páàdì rẹ̀ wọ́n, ẹrẹ̀ á sì bà á jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí tírélà ti ń ré kọjá, òótọ́ yẹn kò tó. Èmi kò ní í da ẹ̀bi náà bo orí ọlọ́kadà nìkan, nítorí iléeṣẹ́ tó ń fi búréèkì tó sàn sí ti ọmọ ilé rẹ̀ tí kò fi í sí tiwa kò ṣe é nítorí pé a bẹ̀ ẹ́. Òfin ni kò sí níbí tó lè mú un.

Èyí tó tuntun jù nínú gbogbo wọn ni ti oníbátìrì. Iléeṣẹ́ Spiro bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Benin àti Togo ní 2022, ó sì ti gbé e wọ Nàìjíríà. Ní Kútọnu, ẹni tó ń fi zémidjan, ọ̀kadà tiwọn, jẹun á yà sí ibùdó, á yọ bátìrì tó ti rẹ̀, á gba èyí tó kún, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí yóò fi tún gbéra. Bátìrì náà kì í ṣe tirẹ̀, ti iléeṣẹ́ ni, owó pípààrọ̀ ló ń san. Ní ìlú tí epo ti gbówó lórí tó báyìí, ta ni kò ní í fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀? Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè é ní Ọ̀fà, àfi pé ó ti pààrọ̀ aṣọ: bátìrì rẹ̀ dà? Ibùdó kan ní Ọ̀wọ̀dé kò lè tó ẹni tó gbé àgbẹ̀ dé oko tí bátìrì sì kú sí i lọ́wọ́. Iná IBEDC tí yóò máa kún inú bátìrì náà, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta máṣíìnì rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro, kí ni ó fẹ́ tà nígbà tí ọkàn máṣíìnì jẹ́ ti ẹlòmíràn? Kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe. Bí ibùdó bá wà ní Ọ̀wọ̀dé, kí òmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà Pólì, òmíràn lójú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, kí wọ́n gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn lé orí wọn, kí wọ́n sì fún àwọn mẹkáníìkì ní ọ̀kan tí wọ́n lè tú palẹ̀ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wo inú rẹ̀. Ọlọ́kadà yóò wá jókòó, yóò fi iye tí ó ń ra epo lójúmọ́ sí apá kan, yóò fi owó pípààrọ̀ bátìrì sí apá kejì, yóò sì sọ fún iléeṣẹ́ bóyá ó rà á tàbí kò rà á.