Bí Táǹkì Ẹja Bá Fọ́ Lójijì: Ohun Tó Ń Pa Ẹja Nínú Omi Tuntun

Ní ìdájí ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 2022, táǹkì ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní AquaDom fọ́ ní Berlin, olú ìlú Jámánì. Omi iyọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1 lítà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja bíi 1,500. Omi náà ya gba inú òtẹ́ẹ̀lì tí táǹkì náà wà, ó sì bọ́ sí títì, níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín. Díẹ̀ kín-ún ló yè nínú àwọn ẹja náà.

Àmọ́ lábẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan náà, ẹja kéékèèké bíi 400 sí 500 ṣì wà nínú àwọn táǹkì mìíràn tí kò fọ́. Iná ti lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ti dákẹ́, ọ́síjìn sì ń tán lọ. Wọ́n ní láti yára kó wọn lọ sí àwọn táǹkì mìíràn nítòsí. Irú ìṣípòpadà yìí gba ìṣọ́ra, torí pé ẹja tí wọ́n yọ nínú ewu lè kú sínú omi tó mọ́ gaara.

Ọ̀pọ̀ wa ò mọ èyí, torí àrọ̀ la mọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń jà pìtì nínú bàsíà láti ọjà títí dé ilé. Discus àti cardinal tetra, ẹja odò ilẹ̀ Amazon, ò lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Omi Rio Negro ní Brazil, tí cardinal tetra pọ̀ sí, dúdú bíi tíì, ó kan, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Iyọ̀ inú ara ẹja omi dídùn pọ̀ ju ti omi tó ń gbé lọ. Nítorí náà, omi ń wọ ara rẹ̀ ṣáá, òun náà sì ń tọ̀ ọ́ dànù ṣáá. Bí omi bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ara ẹja ò ní ráyè bá a mu.

Síbẹ̀, lójú tèmi, amóníà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja, ẹ ó rí àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ pupa tó fi ń mí. Ibẹ̀ náà ni amóníà, májèlé inú ara rẹ̀, ń gbà jáde. Nínú táǹkì tó ti pẹ́, àwọn bakitéríà kan ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bí àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ò bá sí, nitrite á sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ igi, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì ní lè gbé ọ́síjìn mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú omi àtijọ́ ni bakitéríà yìí wà, wọ́n á wá máa pọn omi kiri. Ara fóòmù asẹ́ táǹkì, yanrìn àti òkúta ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Fóòmù tó ti pẹ́ máa ń yọ̀ lọ́wọ́, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, òórùn ilẹ̀ tútù ló sì ń rùn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó dọ̀tí, á fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ, kilorínì á sì pa ọ̀pọ̀ nínú bakitéríà náà. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà kí òmíràn tó pọ̀ tó.

Nítorí náà, tí táǹkì bá fọ́, ẹ bu ìwọ̀nba omi tó kù sínú garawa tó mọ́, tí ọṣẹ ò kàn rí. Ẹ kó ẹja sí i, ẹ ju fóòmù asẹ́ náà sí i ní tútù, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i. Bí kò bá síná, ẹ máa fi kọ́ọ̀pù bu omi náà, kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè. Ẹ bo garawa náà; òkùnkùn máa ń mú kí ara ẹja balẹ̀. Asẹ́ àtijọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò nínú táǹkì tuntun. Kí ìgbóná omi méjèèjì bára mu, kẹ́ ẹ wá máa jẹ́ kí omi tuntun kán tó-tó-tó sínú garawa títí omi inú garawa yóò fi di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ tó kó ẹja sínú táǹkì tuntun. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Ní ti omi ẹ̀rọ, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú garawa tó ṣí fún ọjọ́ kan, kilorínì á fò lọ. Chloramine tí ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ń lò ò ní lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń dà sómi ẹja ló ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ẹja tó rìnrìn àjò ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọ̀rá yàtọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Èémí ẹja ti kún inú ọ̀rá náà, ó sì ti mú kí omi rẹ̀ kan. Amóníà pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ omi kíkan ń rọ oró rẹ̀. Gbàrà tẹ́ ẹ bá tú ọ̀rá náà, èémí yẹn á jáde, kíkan omi náà á dín kù (ìyẹn ni pé pH rẹ̀ á gòkè), oró á sì padà. Láti pH 7 sí 8, amóníà olóró ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú omi náà rárá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó nínú táǹkì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ní dídì, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi àwọ̀n kó ẹja sínú táǹkì, kẹ́ ẹ sì da omi ọ̀rá nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní táǹkì ẹja nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra fóòmù kejì lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú asẹ́ yín. Tó bá fi máa lo oṣù kan àbọ̀ níbẹ̀, bakitéríà á ti kún un, ẹ ó sì ní asẹ́ tó ti ṣe tán fún táǹkì mìíràn lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.