Ta ló bí owó orí fóònù?

Ní Adja-Ouèrè àti ní Ikpinlè, ẹni tó ta àgbàdo tàbí epo lè gba owó rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ tó wà ní Kútọnu lè fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóko, láìfi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Báwo ni iṣẹ́ tuntun yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Ohun mẹ́ta ló bí i.

Èkínní ni owó ìdókòwò. Òun ni owó tí a ná lónìí kí èrè lè jáde lọ́la. Ẹni tó gbin ọ̀pẹ mọ̀ ọ́n: ó ń ná owó, ó sì ń dúró fún ọdún mélòó kan kó tó rí ẹyìn. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Vodafone náà fi tirẹ̀ kún un.

Èkejì ni ẹ̀rọ. Òpó fóònù gbọ́dọ̀ wà kí iṣẹ́ náà tó lè rìn. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà tó ń yọ owó lọ́dọ̀ ẹnì kan, tó ń fi í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí ìṣirò má baà dàrú.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń lò ó. Ní ọdún 2005, wọ́n dán an wò lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí kò tó 500. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi san gbèsè tí wọ́n yá. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn náà ń fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn. Àwọn tó ṣe é rí i, wọ́n sì tún un ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, M-Pesa bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ dé Bẹ̀nẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Owó nìkan kò tó, ẹ̀rọ nìkan kò tó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà ńkọ́? Ó ní láti fi fóònù àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Onítọ̀hún lè kó owó rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ ìwé, ká lè fi ojú ara wa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ni owó ìdókòwò?
2. Kí ni àwọn ará Kẹ́ńyà fi ẹ̀rọ náà ṣe?
3. Ta ló yẹ kó mọ nọ́ńbà àṣírí yín?